Àtọ̀gbẹ: Àrùn tí Ẹsẹ̀ Wa àti Àwo Oúnjẹ Wa Lè Dènà

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé àrùn àtọ̀gbẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà.

KÍ NI ÀTỌ̀GBẸ?

Orúkọ àrùn náà ti sọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹni tí ó bá mú a máa tọ̀ lọ́sàn-án, a máa tọ̀ lóru, títí ara rẹ̀ yóò fi máa gbẹ. Òùngbẹ kì í sì í tán lọ́fun rẹ̀. Bí ó bá tọ̀ sílẹ̀, èèrà lè ṣù bò ó, nítorí pé ṣúgà wà nínú ìtọ̀ náà.

Níbo ni ṣúgà náà ti wá? Gàrí, àkàsà, iyán, ìrẹsì àti búrẹ́dì tí a ń jẹ, ṣúgà ni wọ́n ń dà nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé e kiri, kí ara lè fi ṣe agbára. Omi kan wà tí ara ń sun, tí a ń pè ní ínsúlínì. Òun ni ó dà bí kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù lára wa, pàápàá ní ikùn, tí a kò sì lo ara wa, kọ́kọ́rọ́ náà kì í ṣí ilẹ̀kùn dáadáa mọ́. Ṣúgà yóò kún inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò ba ojú, kíndìnrín, ọkàn àti ẹsẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Èmi kì í lá ṣúgà, kò lè mú mi." Òkèlè tí ó pọ̀ jù náà ń di ṣúgà.

Irú àtọ̀gbẹ kan wà tí ó sábà máa ń mú àwọn ọmọdé. Oúnjẹ kọ́ ni ó fà á, a kò sì lè fi oúnjẹ dènà rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn àgbà ni a ń sọ.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ó FI Ń PỌ̀?

Ní ọdún 2022, àwọn àgbà tí ó ní àtọ̀gbẹ ní gbogbo ayé ju mílíọ̀nù 800 lọ. Ẹ wo ìgbé ayé tiwa náà. Àwọn ìyá wa àgbà a máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà Adjarra pẹ̀lú ẹrù lórí. Lónìí, zémidjan ń gbé wa láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ọjà Ouando. A ó jókòó ti ọjà wa títí di alẹ́, zémidjan yóò sì tún gbé wa padà. Iṣẹ́ ara ti dín kù, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò dín kù. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì ti di ohun tí a ń gbé fún àlejò níbi gbogbo.

ǸJẸ́ A LÈ DÈNÀ RẸ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, láàrin ọdún 1996 sí 2001, àwọn dókítà tọ́jú ènìyàn 3.234 tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè, ṣùgbọ́n tí àrùn kò tíì dé. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn dín ọ̀rá àti oúnjẹ kù, kí wọ́n sì máa fi ìṣẹ́jú 150 rìn lọ́sẹ̀. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí kò yí ìgbé ayé wọn padà, ibi tí àrùn ti mú ènìyàn 100 nínú àwọn wọ̀nyẹn, ènìyàn 42 péré ni ó mú nínú àwọn tí ó ń rìn. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Daqing, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní ọdún 1986, fi hàn pẹ̀lú pé ó ṣeé dènà.

KÍ NI KÍ A ṢE?

1. Ẹ máa rìn. Ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó tó. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí zémidjan kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Oko ríro náà jẹ́ eré ara.

2. Ẹ yí àwo oúnjẹ padà. Kí ẹ̀fọ́ àti ilá gba ìdajì àwo. Kí òkèlè má ju ìwọ̀n ìkúùkù ẹni lọ. Kí ẹja tàbí ẹ̀wà gba ìyókù. Kí epo má pọ̀ jù. Kí gbogbo ilé jọ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dá ìkòkò ẹnì kan sọ́tọ̀.

3. Ẹ mu omi. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kékeré kan lè ní ṣúgà tó ẹyọ mẹ́fà tàbí méje nínú.

4. Ẹ dín ikùn kù. Ẹni tí ó wọn kílò 80, bí ó bá fi kílò márùn-ún sí mẹ́fà fọ̀, ó ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ikùn ńlá kì í ṣe àmì ọrọ̀.

5. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá, kí ẹ sì dín sódàbì àti bíà kù.

TA NI KÍ Ó YẸ Ẹ̀JẸ̀ RẸ̀ WÒ?

Ẹni tí ó ti lé ní ọdún 45. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ẹni tí ó sanra. Obìnrin tí ó bí ọmọ tí ó ju kílò mẹ́rin lọ. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó sún mọ́ yín ní òwúrọ̀, kí ẹ tó jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ fúnra yín ka nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ. Bí ó bá wà láàrin 1,10 sí 1,25, àtọ̀gbẹ ń kan ilẹ̀kùn. Àkókò ìrìn àti ẹ̀fọ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ 1,26 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà yóò tún un yẹ̀ wò, yóò sì sọ ohun tí ẹ ó ṣe.

Ohun kan tún kù. Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ ẹnì kan tí kò jiná, a máa ń sọ pé ó tẹ oògùn lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àtọ̀gbẹ ni. Bí a bá ń ti ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan bọ́ sí òmíràn, egbò náà lè rà títí wọn yóò fi gé ẹsẹ̀ náà. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá sì ti ń lo oògùn dókítà, kí ó má ṣe dá a dúró nítorí àgbo.

Ẹ JỌ RÒ Ó NÍ ẸGBẸ́ YÍN

Kí ni ó ń sọ oúnjẹ di ṣúgà púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀?
Ibo ni a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé tí a ń gun zémidjan lọ?
Ta ni nínú ilé wa tí ó yẹ kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí?

Ó dìgbà kan ná. Kí ara ó le o.