Ìwẹ̀ Ọmọ Ajá

Ahọ́n ìyá ni ìwẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ ajá ń rí. Tojú-tetí dídì ló fi ń wáyé. Ìyá á lá imú rẹ̀ kó lè mí, á lá ikùn rẹ̀ kó lè tọ̀, kó sì lè yàgbẹ́. Ó di bí ọjọ́ 10 sí 14 kí ojú tó là, etí á sì tẹ̀ lé e. Ní gbogbo àsìkò yìí, kò tíì lè mú ara rẹ̀ móoru. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá, òtútù lè mú un kó má tilẹ̀ gbọ̀n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gorí ara wọn nídìí ọmú. Ẹni tó bá gbé irú wọn sínú omi torí pé wọ́n ń rùn, òtútù ló ń rà fún wọn. Bí ìdọ̀tí bá wà lára wọn, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rin aṣọ rírọ̀, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ fi nù ún.

Bó bá ti pé bí ọ̀sẹ̀ 8, tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, ó tó wẹ̀. Ọ̀sán tí oòrùn mú ni kí ẹ wẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìdájí ọyẹ́. Ẹ tẹ́ àkísà sísàlẹ̀ ike ìwẹ̀, torí èékánná ọmọ ajá kì í rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Bó bá ti ń yọ̀, ẹ̀rù á máa bà á. Láti ọrùn lọ sí ìrù ni kí ẹ máa fọwọ́ bu omi sí i. Ihò etí ajá kì í lọ tààrà, ó máa ń ṣẹ́ kọ́rọ́. Omi tó bá wọ ibẹ̀ kì í tètè jáde, etí sì lè máa ṣọyún.

Ọṣẹ ajá ni kí ẹ lò. Ọṣẹ ìfọṣọ máa ń bó o lára. Kẹrosíìnì àti ọ́ìlì mọ́tò dúdú tí àwọn kan fi ń lé eégbọn tàbí kúrúnà, májèlé ni, torí ohun tí ẹ bá fi pa ajá lára, yóò lá a. Ẹ̀mú kékeré ni kí ẹ fi yọ eégbọn. Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti abẹ́ etí ló máa ń sá sí.

Ẹ̀yìn ìwẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Irun á ti lẹ̀ mọ́ ara, egungun ìhà á yọ, ìrù á wọ àárín itan, gbogbo ara á máa gbọ̀n. Ẹ fi táwẹ̀lì gbígbẹ wé e, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí dé abíyá àti ikùn. Ẹ má gbé e sábẹ́ fáànù. Ẹ tẹ́ aṣọ sínú páálí, kí ẹ gbé ajá sí i. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò ike, ẹ faṣọ wé ìgò náà, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú páálí, kí ajá lè sún kúrò bí ooru bá pọ̀ jù. Bí ara rẹ̀ bá gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri, á máa fara nulẹ̀. Bó bá dákẹ́ jọwọlọ, tí èrìgì rẹ̀ funfun, dókítà ẹranko ló kàn.

Ẹni tí kò bá ráyè jókòó ti ọmọ ajá títí ara rẹ̀ á fi gbẹ, kó má wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà.