Ẹ Jẹ́ Kí Jíìnsì Gba Ìdí Yín, Ẹ Má Fi Ìdí Yín Gba Jíìnsì!

Ẹ̀yin abiyamọ tẹ́ ẹ ṣì ń fagídí wọ jíìnsì ìgbà omidan, ọ̀rọ̀ yín rèé o! Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ara tó ti gbé oyún kì í sábà padà sí bó ti wà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Jíìnsì tó bá fún pinpin lè tẹ iṣan tó wọ itan, kí itan máa kú, kó máa ta wìnnìwìnnì.

Àṣà náà ń yí. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, lábú ló gbòde. Lẹ́yìn ọdún 2000, èyí tí kì í dé ìdodo ló dé. Ta ló fẹ́ bá a sáré?

Bẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀ òkìríkà ní Yábàá, ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà ara rẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ẹ fi téèpù wọn ìdí yín. Ẹ ra èyí tó gba ìdí àti itan; bí ibi ìgbànú bá tóbi, télọ̀ á gbà á wọlé. Ẹ ró ìró lé e, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ wò, kẹ́ ẹ lóṣòó. Bẹ́ ẹ bá ṣì ń mí dáadáa, tiyín nìyẹn. Èyí tí kò gbà yín mọ́ ńkọ́? Ẹ fún àbúrò yín, ó jàre!