Níbi Tí Iná Ti Ń Kan Ògiri

Láyé àtijọ́ tí wọ́n ń yọ́ irin nílẹ̀ Yorùbá, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìléru. Wọ́n á kó èédú àti òkúta irin sí i, iná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bí iná náà ṣe ń yọ́ òkúta, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ ògiri ìléru fúnra rẹ̀. Amọ̀ á yọ́, á ṣàn wálẹ̀, á sì bá ìdàrọ́ lọ. Àdánù á wá di méjì: ògiri ń fẹ́lẹ́ sí i, ohun tó ti ara ògiri bọ́ sì ń dà pọ̀ mọ́ ohun tó wà nínú iná.

Ìṣòro yìí gan-an ló wà níwájú àwọn tó fẹ́ dá irú iná inú oòrùn sórí ilẹ̀, kí wọ́n lè fi pèsè iná mànàmáná. Nínú oòrùn, kókó àwọn átọ́ọ̀mù háídrójìn máa ń so pọ̀, agbára ńlá sì máa ń tibẹ̀ jáde. Kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ, háídrójìn náà ní láti gbóná dé nǹkan bí mílíọ̀nù 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà yẹn, ó ti di plásímà: àwọn elẹ́kítírọ́ọ̀nù ti já kúrò lára átọ́ọ̀mù. Kò sí ìkòkò tó lè gbà á. Agbára òòfà ni wọ́n fi ń gbé e dúró sínú òfo, nínú ẹ̀rọ tó rí bí òrùka ńlá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tokamak.

Mílíọ̀nù 150 yẹn ni àwọn oníròyìn máa ń tẹnu mọ́. Ní tèmi, etí plásímà ló yẹ ká máa wò, torí pé òòfà kì í dì í mú tán. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jò. Èyí tó bá ti kọjá ààlà tí òòfà pa á gba ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà mélòó kan lọ, ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n mọ ògiri líle kan sí dè é. Divertor ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Nínú ẹ̀rọ ITER, tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, mítà kan níbùú àti lóròó níbẹ̀ ní láti lè gba ooru mẹ́gáwáàtì 10, nígbà mìíràn 20 pàápàá.

Ní ọdún 1982, Fritz Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i nínú ẹ̀rọ ASDEX, ní Garching nílẹ̀ Jámánì, pé etí plásímà lè di odi fúnra rẹ̀, kí ooru àárín má tètè sá jáde. Inú gbogbo ayé ìmọ̀ yìí dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá kó jọ sẹ́yìn odi bẹ́ẹ̀ a máa bẹ́ jáde lójijì, á sì já lu divertor lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ni kí wọ́n wá fi mọ ògiri? Kábọ̀n ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé tẹ́lẹ̀, nítorí kì í yọ́. Àmọ́ háídrójìn ń jẹ ẹ́, àwọn ìdọ̀tí kábọ̀n tó tún lẹ̀ mọ́ ògiri sì ń gbé tritium mì, irú háídrójìn kan tó jẹ́ epo iná yìí, tó ṣọ̀wọ́n, tó sì ní ìtànṣán eléwu. Ní Culham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tú ògiri kábọ̀n inú ẹ̀rọ JET kúrò. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011, beryllium àti tungsten ló wà níbẹ̀.

Tungsten ni irin tín-ín-rín tó máa ń pọ́n yòò nínú gílóòbù àtijọ́. Ó di 3,422 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó yọ́. Síbẹ̀, átọ́ọ̀mù rẹ̀ wúwo. Bó bá bọ́ sí àárín plásímà, á máa sọ ooru ibẹ̀ di ìtànṣán tó ń sá lọ. Átọ́ọ̀mù tungsten kan péré láàárín 10,000 ti tó láti ba iná náà jẹ́.

Ọgbọ́n tí wọ́n wá ta sí i wú mi lórí gidigidi. Wọ́n ń fẹ́ gáàsì díẹ̀, bíi neon tàbí náítírójìn, sí etí plásímà. Gáàsì náà á gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀, á sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀, á fọ́n ọn ká gbogbo ara ògiri. Kí plásímà tó dé divertor, ooru rẹ̀ á ti já wálẹ̀ gan-an, kò sì ní lágbára tó láti gbá átọ́ọ̀mù tungsten kúrò láàyè rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ẹni tó ń fẹ́ gáàsì náà ní láti balẹ̀: bó bá pọ̀ jù, òtútù á wọ àárín, gbogbo plásímà á sì wó.

Ní February 2025, ẹ̀rọ WEST, tí ògiri tirẹ̀ jẹ́ ti tungsten, gbé plásímà dúró fún ìṣẹ́jú 22 ní Cadarache, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ITER. Ilé iṣẹ́ tó máa fún ìlú ní iná mànàmáná ní láti máa jó fún oṣù mélòó kan, pẹ̀lú ooru tó ju ti WEST lọ fíìfíì, lórí ògiri kan náà.