Ẹni Tí Yóò Tọ́jú Ọkàn Sójà, Ta Ni Yóò Kọ́ Ọ?

Ní oṣù Kejìlá, bí àwọn ọmọdé Òkokomaikò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yin bángà, àwọn ilé kan wà tí wọ́n máa ń tètè ti fèrèsé wọn pa. Ilé àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọ̀pọ̀ wọn ló jáde ní bárékè Ọ̀jọ́, tí wọ́n kọ́lé sí Ìbà. Bàbá mi wà lára wọn. ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló gbé wọn lọ sógun Liberia. Bí bángà bá dún lójijì, wọ́n á ti dojú bolẹ̀. Àwọn aládùúgbò a ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Rárá o. Ara tó ti kọ́ láti dọ̀bálẹ̀ kí èrò tó dé ni, ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ló sì kó wọn yọ ní Monrovia. Bí a ó ṣe gba ẹ̀kọ́ náà padà lára wọn ló ṣòro.

Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Saikọ́lọ́jísìtì ni mí. N kì í kọ oògùn fúnni. Èmi àti aláìsàn a jọ jókòó tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ palẹ̀ ni. Ènìyàn sì lè kàwé títí yóò fi gboyè dókítà nínú ìmọ̀ yìí, kó má tíì jókòó ti sójà kan rí. Sójà kì í tètè la inú fún sìfílíàn. Ẹ bi í léèrè oorun rẹ̀, yóò ní, “Kò sí wàhálà, ọmọ mi.” Ta ni yóò fẹ́ sunkún níwájú ọmọ? Ẹ ní láti mọ ìdí tó fi ń jókòó síbi tó ti lè wo ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ mọ̀ pé oorun ló ń fi ọtí alẹ́ wá.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tètè rí i pé iṣẹ́ yìí fẹ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Nígbà tí sójà wọn ń ti ogun àgbáyé kejì bọ̀, iléeṣẹ́ VA tó ń tọ́jú wọn dara pọ̀ mọ́ àwọn yunifásítì ní 1946 láti máa kọ́ saikọ́lọ́jísìtì. Lónìí, ẹni tó ti gboyè dókítà tán lè lo odidi ọdún kan sí i nínú ilé ìwòsàn wọn, pẹ̀lú owó oṣù. Òun ni yóò máa tọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ yóò máa gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, yóò máa tọ́ka síbi tó ti yẹ kó dákẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìtọ́jú tí Edna Foa là sílẹ̀: sójà yóò dijú, yóò sọ ọjọ́ tó burú jù náà bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, yóò tún un sọ, yóò gbé ohùn náà lọ sílé lọ gbọ́, ní ìjókòó 8 sí 15, títí ẹ̀rù yóò fi rọlẹ̀. Yóò sì máa lọ síbi tó ń sá fún. Lọ́dọ̀ wa, ọjà Alaba ni n bá rán an lọ, sáàárín ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí kò kọ́ ọ lábẹ́ ọ̀gá lè tú egbò yìí, kó má mọ bí yóò ṣe dì í.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1944, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lantoro, Abẹ́òkúta, di ibi ìtọ́jú àwọn sójà tí ogun da ọkàn wọn rú. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn Aro ti ṣẹ̀, níbi tí Dókítà Adeoye Lambo ti fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, tàwọn ti ẹbí wọn. Lónìí, sójà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì a máa lo oṣù 6 ní ibùdó NAFRC, Oṣòdì, láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan kọ́ ló lọ sógun.

Irú ọdún ìkọ́ṣẹ́ kan ti Amẹ́ríkà yẹn ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lójú ọ̀nà Badagry níbí. Bárékè àti LASU wà ní Ọ̀jọ́; kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń sọ dókítà di ògbóǹtarìgì wà ní Ìjàníkin. Síbẹ̀, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yaba ni a ń rán àwọn sójà àgbà yìí lọ. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tí wọ́n ní yóò dé Òkokomaikò, Mile 2 ló dé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, sójà tí ariwo ń dà láàmú kò sì ní í wọ dánfó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fún wa ní yàrá kan nítòsí bárékè, saikọ́lọ́jísìtì 2 tó ti gboyè, àti ọ̀gá kan tí yóò máa gbọ́ wọn. Kí àwọn ìyàwó náà ráyè wọlé, torí àwọn ló mọ ohun tí ọkọ wọn ń pariwo lójú oorun. Kí owó oṣù àwọn 3 náà sì wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, níbi tí ti àwọn tó ń tún ìbọn ṣe wà.