Kí Ẹ Tó Ra Òkúta Ilé Ìdáná

Ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́-Ìpo tí ẹ ní ilé l'Ékòó, ẹ mọ̀ pé bí omi bá ti wọ pákó orí kábíńẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, yóò wú, yóò sì jẹrà. Òkúta gíránáìtì ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Ó dára, ó sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n kí tọkọtaya tó ná kọ́bọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ gbogbo iye tí iṣẹ́ náà yóò gbà.

Púpọ̀ nínú òkúta yìí ń ti Ṣáínà àti Íńdíà wọlé. Dọ́là ni a fi ń rà á. Dọ́là tí kò tó ₦500 ní báńkì kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé ti kọjá ₦1,400 ní oṣù kejì ọdún 2024. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi iye tí aládùúgbò san láyé ijọ́un ṣírò.

Owó òkúta nìkan kọ́. Ẹ ó san owó gígé ihò síńkì, owó dídán etí òkúta, owó ọkọ̀ àti owó púlọ́ńbà. Òkúta náà tún wúwo: èyí tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2 tó nǹkan bí kílò 54 ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Bí kábíńẹ́ẹ̀tì kò bá lágbára, ẹ ó kọ́kọ́ pe káfíńtà. Ìta ni kí wọ́n ti gé e, kí wọ́n sì máa da omi sí i, nítorí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bí owó kò bá tó, táìsì lórí kọnkéré kò burú rárá. Ẹ jọ jókòó, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀.