Kí Ẹ Tó Tan Sáfà Padà

Ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde ni ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń kú. Òbí ń tẹ fóònù ní Òrò-Àgọ́, ọmọ ń tẹ̀ ẹ́ ní Òmù-Àrán, ẹ̀gbọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní Èkó, kò sẹ́ni tó rí nǹkan. Ẹni tó ń bójú tó sáfà á pa ẹ̀rọ, á tún un tàn, ìkànnì á jí, kò sì ní pẹ́ tí á tún fi kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á. Ẹ kọ́kọ́ wọ inú sáfà náà, kí ẹ pàṣẹ curl localhost. Bó bá dáhùn, kò kú, ọ̀nà ló dí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí wáyà abẹ́ òkun WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne bàjẹ́ nítòsí Abidjan, nǹkan kan ò ṣe sáfà tó wà lókè òkun, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà ò rí wọn bá sọ̀rọ̀.

Bí kò bá dáhùn, dmesg -T ló kàn. Ohun tí ojú kernel, ọ̀gá pátápátá nínú Linux, bá rí, ibẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí. Inú mẹ́mórì sì ni àkọsílẹ̀ yẹn wà. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ ti pa ẹlẹ́rìí. Bó bá dákẹ́, ẹ wo error.log Apache, ètò tó ń gbé ìkànnì jáde, kí ẹ sì fi df -h wò ó bóyá dísìkì ló kún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ èsì, gbólóhùn tí ẹ ó sábà bá nínú dmesg ni Out of memory: Killed process. Kernel fúnra rẹ̀ ló pa ètò kan.

Linux a máa ṣèlérí mẹ́mórì ju èyí tó ní lọ, nítorí ètò kì í sábà lo gbogbo ohun tó béèrè. Lọ́jọ́ tí gbogbo wọn bá wá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, kernel á yan ọ̀kan pa kí ẹ̀rọ má baà dákú. Èyí tó bá ń jẹ mẹ́mórì jù ló sábà máa ń mú. Ohun tó ń dunni níbẹ̀ nìyẹn: MySQL tó tọ́jú èsì ló máa ń kú, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Apache, ètò kéékèèké tó ń bí láti dá àwọn ènìyàn lóhùn, ló jùmọ̀ jẹ mẹ́mórì tán, kò kàn sí ọ̀kan nínú wọn tó tóbi tó o ni.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Lórí Debian àti Ubuntu, Apache prefork, níbi tí ọmọ kan ti ń dá ẹnì kan lóhùn lẹ́ẹ̀kan, á jẹ́ kí 150 ọmọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 40MB, 6,000MB nìyẹn, lórí ẹ̀rọ tí mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ 2GB péré. Ẹ fa MaxRequestWorkers, iye ọmọ tó lè ṣiṣẹ́ pọ̀, wálẹ̀ sí 25: 1,000MB ni wọn ó jẹ, MySQL á rí ìyókù lò. Ẹni kẹrìndínlọ́gbọ̀n á dúró díẹ̀, èsì á sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.