Awọ Ló Ń Ké Nínú Bánjò

Ní Grammy oṣù Kejì 2025, ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni pé Beyoncé ni ẹni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn àwo orin kọ́ńtìrì. Ní tèmi, ohun èlò tó kọ́kọ́ ń dún nínú orin Beyoncé náà, "Texas Hold 'Em", ló gbà mí lọ́kàn. Bánjò ni, Rhiannon Giddens ló ta á. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irú gìtá kan ni.

Igi ló ń gbé ohùn gìtá jáde. Awọ ló ń gbé ti bánjò. Sákárà tí wọ́n fún ní ọrùn àti okùn ni. Ẹ wo onísákárà nídìí ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin lásìkò òjò: á kọ́kọ́ yá ìlù níná kí awọ lè le. Awọ tó le, ohùn rẹ̀ a mú, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kú. Ìdí nìyẹn tí oníbánjò bluegrass, irú orin kọ́ńtìrì kan, kì í fi í ta okùn kan kó dúró. Ìka mẹ́ta ni yóò máa lé ara wọn kiri. Ẹ gbọ́ Ben Eldridge nínú 15th Anniversary Celebration, àwo ojú agbo tí ẹgbẹ́ Seldom Scene ká sílẹ̀ ní Kennedy Center ní Washington lọ́dún 1986, tó jáde ní 1988. Ẹgbẹ́ yìí máa ń da orin ìgbàlódé pọ̀ mọ́ bluegrass, síbẹ̀ wọn ò yí iṣẹ́ awọ padà.

Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé ìmọ̀ bánjò dé Amẹ́ríkà. Ẹ̀yà Jola ní Gáḿbíà àti Sẹ̀nẹ̀gà ṣì ní akonting: igbá, awọ ewúrẹ́, okùn mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn kúrú, àtàǹpàkò ló ń ta á. Okùn kúkúrú yẹn ṣì wà lára bánjò bluegrass títí dòní.

Bánjò sì padà wálé. Lẹ́yìn 1930, Túndé King, olórin jùjú, ń ta irú rẹ̀ l'Ékòó pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú. Kò sí iná nínú ohun èlò nígbà náà. Awọ ló ń jẹ́ kí okùn borí ariwo agbo. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú mìíràn, so gìtá mọ́ iná, bánjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Lójú tèmi, iná ló lé e, kì í ṣe pé etí wa kọ̀ ọ́. Ẹ ṣàkíyèsí ọwọ́ ọ̀tún onígìtá jùjú: ìdí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ a máa tẹ okùn, kí ohùn kọ̀ọ̀kan lè tètè kú. Ó jọ pé bánjò ni ọwọ́ yẹn ṣì ń rántí.